Èdè Kan, Àsíá Mẹ́sàn-án: Eré-Ìdárayá Láàrin Àwọn Orílẹ̀-Èdè tí ń Sọ Èdè Potogí

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1966, ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ Kòríà Àríwá, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọ inú àwọ̀n àwọn Potogí kí ìdajì wákàtí tó pé. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Eusébio, gbé ìjà náà lé èjìká ara rẹ̀. Òun nìkan gbá mẹ́rin wọlé, Potogí sì borí pẹ̀lú márùn-ún sí mẹ́ta. Nígbà tí ìdíje Ife Àgbáyé náà fi parí, mẹ́sàn-án ni èyí tí ó gbá wọlé, kò sì sí ẹni tí ó bá a dọ́gba.

Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún Potogí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Potogí kọ́ ni a ti bí Eusébio. Ìlú Lourenço Marques ní ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì, èyí tí a ń pè ní Maputo lónìí, ni ìyá rẹ̀ ti bí i ní ọdún 1942. Mário Coluna tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ náà, àti Hilário, àti Vicente, ọmọ Mòsáḿbíìkì ni àwọn náà. Nínú àwọn mọ́kànlá tí ó wọ pápá fún Potogí ní ọjọ́ yẹn, mẹ́rin ni Mòsáḿbíìkì bí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964 ni àwọn ọmọ Mòsáḿbíìkì ti gbé ìbọn, tí wọ́n ń bá ìjọba Potogí jà fún òmìnira ilẹ̀ wọn. Ọmọ ń gba ògo wá fún ẹni tí ó jókòó lé bàbá rẹ̀ lórí.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ọdún mẹ́rìndínlógójì géérégé sí ọjọ́ tí ogun òmìnira náà bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin Maputo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maria Mutola sá eré 800 mítà ní Ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ó sì ṣe ipò kìíní. Wúrà àkọ́kọ́ tí Mòsáḿbíìkì gbà nínú ìdíje náà nìyẹn. Àsíá Mòsáḿbíìkì ni wọ́n fà sókè, orin orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì ni wọ́n sì kọ.

Láàrin ọjọ́ méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa òní wà. A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, bá wa yẹ ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Potogí gbà sọ eré-ìdárayá di okùn ìbáṣepọ̀ wò, kí a sì mọ ibi tí okùn náà ti yi àti ibi tí ó ti fẹ́ já.

ÈDÈ TÍ A FI IPÁ GBÌN

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Èdè Potogí kò wọ ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí àlejò tí a ké sí. Ọkọ̀ ojú omi, ìbọn àti òwò ẹrú ni ó bá a wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ Àngólà tí ń sọ Kimbundu fẹ́ bá ọmọ Mòsáḿbíìkì tí ń sọ Makua gbìmọ̀ bí wọn yóò ṣe lé amúnisìn lọ, èdè amúnisìn náà ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1961, ní ìlú Casablanca, àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara ilẹ̀ wọ̀nyí dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ẹnu kò. Àwa ọmọ Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ara ẹni sọ̀rọ̀ láti Ṣókótó dé Calabar, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ará Èkó tilẹ̀ mọ̀ pé ìran àwọn Àgùdà tí ó padà bọ̀ láti Bràsíl mú èdè náà dé àdúgbò wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Pápá bọ́ọ̀lù náà kò gbẹ́yìn nínú ìjìjàgbara yìí. Ní ọdún 1944 ni ìjọba Potogí dá ilé kan sílẹ̀ ní Lisbon fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ohun tí ìjọba ń rò ni pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà yóò ti di Potogí pátápátá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mọ ara wọn ní ọmọ Áfíríkà. Amílcar Cabral tí ó darí ìjà òmìnira Gínì-Bìsáù àti Kéépù Fẹ́rìdè, àti Agostinho Neto tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Àngólà, wà lára àwọn tí ó gba ilé náà kọjá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1965, àwọn ọlọ́pàá inú tì í pa.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára àwọn tí ó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Daniel Chipenda, ọmọ Àngólà, gba bọ́ọ̀lù fún Benfica ní Lisbon àti fún Académica, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Coimbra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sá kúrò ní Potogí, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ogun òmìnira Àngólà. António dos Santos França, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ndalu, gba bọ́ọ̀lù fún Académica náà kí ó tó di ọmọ ogun, ó sì gòkè títí ó fi di olórí àwọn ọmọ ogun Àngólà lẹ́yìn òmìnira. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé eré lásán ni eré, kí ó tún inú rò.

ỌMỌLÚÀBÍ PẸ̀LÚ ỌMỌLÚÀBÍ

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, àwọn ọmọ ogun Potogí fúnra wọn, tí ogun ilẹ̀ Áfíríkà ti sú, dojú ìjọba apàṣẹwàá bolẹ̀ ní Lisbon. A ti gba òmìnira Gínì-Bìsáù wọlé kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 1975, Mòsáḿbíìkì, Kéépù Fẹ́rìdè, São Tomé àti Príncipe, pẹ̀lú Àngólà, tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti Bràsíl, ó ti dá dúró láti ọdún 1822.

Láti ìgbà yìí lọ ni a tó lè máa sọ̀rọ̀ àjọṣe, nítorí kò sí àjọṣe láàrin ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1996, orílẹ̀-èdè méje pàdé ní Lisbon, wọ́n sì dá Àwùjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tí ń Sọ Èdè Potogí sílẹ̀. Tímọ̀ Ìlà-Oòrùn di ẹ̀kẹjọ ní ọdún 2002. Ní ọdún 2014, ilẹ̀ Guinea tí ó wà lábẹ́ àwọn Sípéènì rí, èyí tí àwọn bàbá wa mọ erékùṣù rẹ̀ sí Fernando Po nígbà tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó níbẹ̀, di ẹ̀kẹsàn-án.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé eré-ìdárayá ti ṣáájú ìwé àdéhùn. Ní ọdún 1992, ọdún mẹ́rin kí àwùjọ náà tó dìde, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wọ̀nyí ní Lisbon. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2004, àwọn àjọ Òlíḿpíìkì ilẹ̀ wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì pinnu láti máa ṣe ìdíje ńlá kan fún àwọn àgbà eléré. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Màkáù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, èkejì ní Lisbon ní ọdún 2009, ẹ̀kẹta ní Góà ní ilẹ̀ Íńdíà ní oṣù Kìíní ọdún 2014.

Ẹ wo àwọn ibi tí a dárúkọ yìí. Màkáù wà lọ́wọ́ Potogí títí di oṣù Kejìlá ọdún 1999, nígbà tí ó padà sọ́dọ̀ Ṣáínà. Góà wà lábẹ́ wọn fún nǹkan bí ọdún 450, títí àwọn ọmọ ogun Íńdíà fi gbà á ní oṣù Kejìlá ọdún 1961. Àwọn ọmọ Màkáù kò ní àyè tiwọn nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì, ṣùgbọ́n nínú ìdíje yìí wọ́n dúró lábẹ́ orúkọ ìlú wọn. Ní ti Tímọ̀, ní Sydney ní ọdún 2000, ní ibi tí Mutola ti gba wúrà, àwọn eléré rẹ̀ mẹ́rin wọ pápá láìní àsíá, nítorí ilẹ̀ wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Indonéṣíà kò tíì di orílẹ̀-èdè. Àsíá Òlíḿpíìkì ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní Màkáù, wọ́n gbé àsíá ara wọn láàrin àwọn tí ó gbọ́ èdè wọn. Ẹni tí kò ṣe aláìní àsíá rí lè rò pé aṣọ lásán ni.

IBI TÍ BÀTÀ TI Ń TA WỌ́N LẸ́SẸ̀

Àwa kò ní í tan àwọn òǹkàwé wa jẹ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Ahọ́n àti ẹnu pàápàá a máa jà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Potogí àti Àngólà pàdé ní Lisbon nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n pè ní ti ọ̀rẹ́. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ Àngólà ni a fi káàdì pupa lé jáde. Nígbà tí òmíràn tún fara pa, ènìyàn wọn kò tó mọ́, eré náà sì dópin kí àkókò tó pé, nígbà tí Potogí ti ní márùn-ún sí ẹyọ kan. Ọgbẹ́ àtijọ́ kì í pẹ́ ṣí bí a bá fi èékánná kàn án.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún pàdé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò ní gbàgbé bí Àngólà ṣe dé ibi tí wọ́n ti pàdé náà, nítorí orí wa ni wọ́n gbà kọjá. Nínú ìdíje láti yẹ fún Ife Àgbáyé ọdún 2006, àmì 21 ni àwa ní, 21 náà ni Àngólà ní. A borí Zimbabwe pẹ̀lú márùn-ún sí ẹyọ kan ní Abuja ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ṣùgbọ́n asán ni ó já sí. Wọ́n ti borí wa pẹ̀lú ẹyọ kan sí òdo ní Luanda, a sì ta ọ̀mì ní Kano. Bẹ́ẹ̀ ni Akwá, balógun Àngólà tí ó ti gba bọ́ọ̀lù fún Benfica rí, ṣe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Jámánì. Ní ìlú Cologne, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2006, Àngólà bá Potogí wọ pápá nínú Ife Àgbáyé. Potogí fi ẹyọ kan ṣoṣo borí, eré náà sì parí ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ogójì ọdún lẹ́yìn Liverpool, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Potogí ti ṣàkóso rí dúró ní iwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tiwọn lọ́rùn.

Ìṣòro tí ó jù èyí lọ kì í pariwo. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2016, Potogí borí Faransé ní ẹyọ kan sí òdo, ó sì gba ife ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́. Éder ni ó gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé, Bissau sì ni a ti bí i. Nelson Évora, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kéépù Fẹ́rìdè, fò fún Kéépù Fẹ́rìdè nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba wúrà ní Beijing ní ọdún 2008 nínú fífò lẹ́ẹ̀mẹta, Potogí ni ó gbà á fún. Kí a má sì fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn: Francis Obikwelu tí a bí ní Onitsha, tí ó sá eré fún Nàìjíríà rí, fàdákà tí ó gbà ní Athens ní ọdún 2004 nínú eré 100 mítà, ti Potogí ni.

Àwa kò dá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lẹ́bi. Ẹni tí ebi ń pa kì í bá ọlọ́jà jiyàn, ẹni tí ó sì rí ibi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ kò ṣẹ̀ bí ó bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàrá òjò kò sọ pé òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ní pápá, olùkọ́ àti dókítà, tí èkejì ní ọmọ tí ó lẹ́sẹ̀ nìkan, bí wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn ní ọmọ ìyá kan náà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni gbogbo èrè yóò máa ṣàn sí.

ÀJỌṢE TÍ Ó FI NǸKAN SÍLẸ̀

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a fi wọn irú àjọṣe yìí kì í ṣe iye wúrà tí a pín ní ọjọ́ ìdíje. Ìbéèrè náà ni pé: kí ni ó kù sílẹ̀ nígbà tí àlejò ti lọ?

Àngólà ti fi ìdáhùn kan hàn wá. Ní ọdún 1992, ní Barcelona, àwọn eléré Amẹ́ríkà tí ó lókìkí jù láyé nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fi 116 sí 48 na Àngólà. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Àngólà ti gba ife Áfíríkà ní ilé ara rẹ̀ ní Luanda ní ọdún 1989, kò sì dẹ́kun iṣẹ́. Olùkọ́ ará Potogí kan, Mário Palma, darí wọn gba ife náà ní ọdún 1999, 2001 àti 2003. Ó kọ́ àwọn ọmọ Àngólà ní Àngólà, lábẹ́ àsíá Àngólà, ní èdè tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbọ́ láìsí ògbufọ̀. Ní ọdún 2025, ní Luanda náà, Àngólà gba ife yìí fún ìgbà kejìlá. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Irú àjọṣe tí a ń wí nìyí.

Coluna náà fi ọ̀nà kan hàn. Balógun Potogí ti ọdún 1966 yìí padà sí Mòsáḿbíìkì, ó di olórí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, Maputo ni ó sì kú sí ní ọdún 2014. Ọgbọ́n tí ó kọ́ ní àjò, ó gbé e wá sílé. Ẹ tún wo Kéépù Fẹ́rìdè, àwọn erékùṣù tí gbogbo ènìyàn inú wọn kò ju nǹkan bí ìlàjì mílíọ̀nù lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ní Praia, wọ́n borí Eswatini pẹ̀lú mẹ́ta sí òdo, wọ́n sì yẹ fún Ife Àgbáyé ọdún 2026, èyí tí wọn kò yẹ fún rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ni a bí sí Yúróòpù, tí wọ́n wá gba bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ bàbá wọn. Odò tí ó ń ṣàn jáde ní ọdún 1966 ti ń padà wọlé.

Ìdíje ńlá ti àwọn àgbà eléré, ẹ̀wẹ̀, ti dákẹ́. Ti Góà pàápàá, oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ó yẹ kí ó wáyé, ṣùgbọ́n àwọn pápá kò parí, wọ́n sì sún un síwájú. Èyí tí ó kàn, Mòsáḿbíìkì ni a fi í fún ní ọdún 2017, kò sì wáyé rárá. Àmọ́ ìdíje ti àwọn ọ̀dọ́, tí kò gba ariwo, ń rìn lọ. Ó dé erékùṣù Sal ní Kéépù Fẹ́rìdè ní ọdún 2016, ó sì dé São Tomé, ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kéré jù ní Áfíríkà, ní ọdún 2018. Pápá tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣeré kò wọ́n tó èyí tí a fi ń ṣe fáàrí fún àlejò, síbẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣì wà lórí rẹ̀ ní ọ̀la.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Irú ọ̀nà yìí ni àwa náà ti tọ̀ lábẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1950, ní Auckland, nínú ìdíje àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Josiah Majekodunmi gba fàdákà nínú fífò sókè. Ní ọdún 1954, ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna gba wúrà nínú fífò sókè kan náà. A kò tíì gba òmìnira nígbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ Nàìjíríà ni a fi pe àwọn méjèèjì, kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Oore yìí ni Eusébio kò rí gbà. Nígbà tí a sì ti di olómìnira, a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sọ pé a kò lọ: ní ọdún 1986, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fi ọwọ́ líle mú àwọn agbẹ̀yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 32 tí ó kọ̀ láti lọ sí ìdíje náà ní Edinburgh. Ẹni tí ó lè kọ̀ nìkan ni ìjókòó rẹ̀ níbi àsè níyì.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni jó èdè àjèjì níná, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí a máa wárí fún un. Ohun tí a rí lára àwọn ará Àngólà, Mòsáḿbíìkì àti Kéépù Fẹ́rìdè ni pé èdè tí a fi ipá gbìn lè so èso fún onílẹ̀, bí onílẹ̀ bá ti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, tí ó sì ń ro ó. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mutola kò bẹ̀rẹ̀ ní Sydney. Àdúgbò àwọn tálákà ní Maputo ni ó ti ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù, níbi tí akéwì ilẹ̀ náà, José Craveirinha, ti rí i, tí ó sì rọ̀ ọ́ kí ó lọ sí ibi eré ìje. Ẹnì kan ni ó fi ojú ọmọ wò ó kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí ẹ bá jáde sí pápá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ rí ọmọ kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré kọjá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a wá gbìyànjú, àwa tí ó kù, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ayé bá pe orúkọ náà, ti ilé wa ni wọn yóò pè é mọ́.